Ìwẹ̀ Àyọ̀kẹ́

Apá òsì ìyá rẹ̀ ni Habibah da omi àkọ́kọ́ sí.

"Ọ̀tún la fi ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi," ni Ìyá Hàjàrá sọ, jẹ́jẹ́.

Habibah gbé kọ́ọ̀pù omi sílẹ̀. Ó mọ̀. Ta ni ì bá mọ̀ bí kò bá ṣe òun? Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Àyọ̀kẹ́, ìyá rẹ̀, fi wẹ òkú àwọn obìnrin Mùsùlùmí ní Ìlódè, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn nígbà tó ń se ẹ̀wà lọ́wọ́, á paná, á so ìborùn mọ́rí, ó di ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́rọ̀ ni o, aláìní ni o, ìyá tó ti bú u rí lẹ́bàá kànga ni o, gbogbo wọn ló wẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kì í ṣe màláíkà: ẹni tó bá fọwọ́ kan ata inú ọgbà rẹ̀ yóò gbọ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ kò sọ ọ́.

Habibah kórìíra iṣẹ́ náà. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ó kọ oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ bù fún un lọ́jọ́ tó wẹ òkú kan. Ìyá náà kò bínú. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti ti ìdí òkú dé, Ìyá Hàjàrá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà, ló ń bẹ̀ kó wá bá òun bu oúnjẹ ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ náà ń dun Habibah wọra báyìí.

Láàárọ̀ òní, kí ìyá náà tó dákẹ́, ó ní Habibah ni kó wẹ òun. Lẹ́yìn ìrun Àìlà ni wọn yóò sin ín, ọjọ́ sì ti ń kanrí. Obìnrin méje ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àyọ̀kẹ́ ló wẹ ìyá ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, olúkúlùkù ló sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Habibah kò fẹ́ kó jẹ́ aládùúgbò ni yóò ṣe èyí fún ìyá òun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò gbà.

"Mi ò lè ṣe é, Màmá. Ẹ pe ọ̀kan nínú wọn." Ó ti di ilẹ̀kùn mú.

"Ìyá ẹ náà sá," ni Ìyá Hàjàrá wí.

Habibah yíjú padà. "Ìyá mi kẹ̀?"

"Àyọ̀kẹ́ ni mò ń wí. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló kọ́kọ́ wẹ̀. Kò wẹ̀ ẹ́ tán tó fi sá jáde, èmi ni mo parí ẹ̀. Ṣé o rò pé ó láyà ni? Mi ò rí ọjọ́ kan tí ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n kó tó bu omi. Á máa sọ pé, 'Ẹ má bẹ̀rù, ìyá, kò ní pẹ́ parí.' Àwọn èèyàn á ní, ẹ wo bó ṣe ń tu òkú nínú. Òkú wo? Ara ẹ̀ ló ń tù nínú!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Habibah, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Ó ti rò látìgbà èwe pé Ọlọ́run kò dá ẹ̀rù mọ́ ìyá òun. Ó wo obìnrin tó sùn sórí pákó lábẹ́ aṣọ funfun. Gbogbo ìgbà tó ń so ìborùn, tó ń sáré jáde yẹn, ẹ̀rù ń bà á. Ó sì ń lọ.

Ó padà síbi pákó náà, ó bu omi. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń ta sílẹ̀. Kò dúró de ìgbà tí yóò ṣíwọ́.

"Màmá mi," ó ní, "ẹ̀rù ń bà mí o."

Ó sì da omi náà sí apá ọ̀tún.