Àkàrà Òyìnbó Aláwọ̀ Ewé

Abẹ́ ibùsùn orogún rẹ̀ ni Ìsìlámíyátù wà nígbà tí ó gbọ́ ìró bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, ìyáalé ilé, ẹni tí gbogbo àdúgbò ní Amoutivé nílùú Lomé ń kí ní Àlájà bí kò tilẹ̀ tíì dé Mẹ́kà rí, ni ó nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì bí olè adìẹ. Ìró bàtà náà kọjá lọ. Ará ilé kejì ni, ó ń lọ pọnmi. Ìsìlámíyátù na ọwọ́ síwájú títí ó fi kan agolo mílíìkì kan. Ó fà á jáde, ó ṣí i. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ni ó kún inú rẹ̀, ó kúnná bí àtíkè.

“Mo rí ọ wàyí,” ni ó wí fún agolo náà.

Ìyẹ̀fun yìí ni kò jẹ́ kí ó gbádùn láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan kò rọgbọ ní Lomé lọ́dún náà. Gírẹ́ẹ̀fù, ìyẹn ìdaṣẹ́sílẹ̀ tí àwọn tó ń bèèrè ìjọba tiwa-n-tiwa gùn lé, ti sọ ọjà ńlá Ásígámé di ahoro láti oṣù kọkànlá. Ìbọn ń dún níhìn-ín lọ́hùn-ún, àwọn ènìyàn ń di ẹrù sá lọ sí Kútọnu àti Gánà. Nígbà tí búrẹ́dì di ohun àwátì ni Sàdíátù, ìyàwó kékeré, gbé ìkòkò irin ńlá kan jáde. Ó da iyanrìn sí i nísàlẹ̀, ó gbé e ka èédú, ó tún da èédú sórí ìdérí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan àkàrà òyìnbó kéékèèké nínú agolo tòmátì. Èyí nìkan ì bá ti tó. Ṣùgbọ́n ó tún gún tíì eléwé, èyí tí àwọn ọkùnrin máa ń sè lórí èédú lẹ́yìn ìṣínu, ó fi ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́, ó sì pò ó mọ́ ìyẹ̀fun.

Àlájì Sàlámì, ọkọ wọn, gé ọ̀kan jẹ, ó dijú.

“Sàdíátù,” ni ó wí, “tí mo bá ń jẹ èyí, mi ò kì í rántí pé ṣọ́ọ̀bù mi wà ní títì.”

Ojú Ìsìlámíyátù ni ó ti sọ ọ́. Òun tó ti ń se oúnjẹ fún ọkùnrin yìí láti ìgbà tó ń kiri aṣọ lórí kẹ̀kẹ́, kò rántí ọjọ́ kan tí Àlájì dijú nítorí ọbẹ̀ òun. Owú mú un. Ó jowú débi pé oúnjẹ sáàrì kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́, ìyẹn ẹni tí yóò gbààwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ti oúnjẹ nìkan, ì bá fara mọ́ ọn. Àlájì fẹ́ kó àwọn ìdì ànkárá tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Kútọnu, níbi tí ọjà ti ń tà. Augustin, onímọ́tò àdúgbò, ti gbà láti kó o. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó méjèèjì ni yóò tẹ̀lé ẹrù náà, yóò jókòó tì í níbẹ̀, yóò máa tà á títí ìlú yóò fi rọ̀. Ìkejì yóò dúró ti Àlájì. Àlájì ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni òun yóò sọ ẹni tó ń lọ. Òní ni Ọjọ́bọ̀, Ìsìlámíyátù ni oúnjẹ òní sì kàn. Bí ó bá jẹ́ àkàrà òyìnbó ni wọ́n fi ń yan ìyàwó tí yóò dúró, òun náà yóò yan tirẹ̀.

Sàdíátù ti lọ kí àǹtí rẹ̀ ní Kégué. Ìsìlámíyátù fi ọwọ́ méjèèjì po bọ́tà mọ́ ṣúgà, ó pa ẹyin sí i, ó da ìyẹ̀fun lé e. Ṣíbí kan ni Sàdíátù máa ń bù nínú ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé náà. Ìsìlámíyátù bu mẹ́ta, kí Àlájì lè mọ̀ pé ìyáalé ló ṣe é. Ààwẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, kò tọ́ ọ wò. Ó gbé e sí imú, ó ń rùn bí ewé gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ ewé gbígbẹ náà kúkú ni tíì.

“Ṣé ìwọ nìkan ni Ọlọ́run fún lọ́wọ́ ni?” ni ó ń bi orogún tí kò sí nílé, bí ó ti ń pò ó lọ pò ó bọ̀. “Ọmọ àná. Kútọnu ni wàá ti lọ yan tìẹ.”

Ìgbà tí ó gbé àwọn agolo sínú ìkòkò tán, tí ó ń fọwọ́, ni ó rí i pé omi ń ṣàn lọ ṣùgbọ́n àwọ̀ kò tẹ̀lé e. Ó fi ọṣẹ sí i. Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ó fi eérú fọ̀ ọ́. Àtẹ́lẹwọ́ àti èékánná rẹ̀ ń pọ́n sí i ni. Ó sì mọ pupa yẹn. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n tó o? Òun ni wọ́n máa ń pè kí ó wá lé làálì fún ìyàwó tuntun ní gbogbo Amoutivé. Owú ni ó dí i nímú tí kò fi gbóòórùn iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

“Làálì!” ni ó kígbe, ó sì fi ọwọ́ pupa náà bo ẹnu.

Ibẹ̀ ni Sàdíátù bá a.

“Ẹ kú ilé o, ìyáalé mi.”

Ìsìlámíyátù sáré fi ìborùn wé ọwọ́. Sàdíátù wo ìkòkò, ó wo agolo mílíìkì tó wà lẹ́bàá iná. Ó ṣí ìdérí, ó bu àkàrà òyìnbó kan sí méjì, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Làálì tí ìyá mi fi ránṣẹ́ sí mi láti Ọ̀fà fún ọdún ìtúnu nìyí,” ni ó wí jẹ́jẹ́. “Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín.”

“Fi ọwọ́ mi sílẹ̀!” Ìsìlámíyátù fà sẹ́yìn. “Ó dáa, mo wọ yàrá rẹ. Mo jí i. Mo ń jowú rẹ, Sàdíátù, ṣé o gbọ́? Kò sí oúnjẹ tí mi ò sè fún ọkùnrin yẹn, kò dijú rí. Máa rẹ́rìn-ín. Lọ pe àwọn aládùúgbò wá.”

Sàdíátù kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àpótí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ tún ń jowú mi? Láti Ọjọ́ Ajé ni Àlájì ti sọ fún mi pé èmi ni màá lọ. Ó ní kí n má tíì sọ. Ó ní òun ò lè gbé inú ìlú tó gbóná báyìí láìsí ẹ̀yin. Ó ní ẹ kì í bẹ̀rù, pé tí ẹ bá ti wà nílé, oorun máa ń kun òun. Kí lẹ rò pé mo ṣì ń yan àkàrà òyìnbó sí láti ìgbà náà? Mo ní bóyá á yí ọkàn padà. Èmi tí mi ò tíì bímọ, tí mo bá lọ, ta ló máa rántí mi?”

Inú Ìsìlámíyátù dùn. Kí a má purọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n adùn náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ tí nǹkan mìíràn fi gún un láyà.

“Ó ní mi ò kì í bẹ̀rù?”

“Bẹ́ẹ̀ ló wí.”

“Ìwọ ló sọ ọ́ fún?”

“Èmi ni.”

“Kò sọ ọ́ fún mi rí,” ni Ìsìlámíyátù wí. Owú tuntun ni, ó sì korò ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Wọ́n gbọ́ ikọ́ Àlájì lẹ́nu géètì. Sàdíátù nu ojú, ó gbé ìkòkò, ó da gbogbo àkàrà òyìnbó náà sínú ihò eérú lẹ́yìn ilé, ó sì gbé kókó, ẹ̀kọ mímu tó ṣẹ́ kù láti ìgbà sáàrì, kaná. Wọ́n pe ìrun, Àlájì fi omi àti kókó ṣínu. Ó ń fa imú.

“Ṣé òórùn àkàrà òyìnbó kọ́ ni mò ń gbọ́ yìí?”

“Ó jóná, Àlájì,” ni Sàdíátù wí. “Èmi ni mo kó èédú púpọ̀ jù sí i.”

Ojú Àlájì kan ọwọ́ ìyáalé. “Ìyá Láwàl, ọdún kò tíì dé, o ti ń lé làálì?”

Ìsìlámíyátù yára fa ọwọ́ sábẹ́ ìborùn.

“Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lé e fún mi, ibi tí wọ́n ti ń pò ó ló ti ta sí wọn lọ́wọ́,” ni Sàdíátù tún wí. “Mi ò ní sí níbí lọ́jọ́ ọdún.”

Àlájì wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ń tò sílẹ̀ láti àárọ̀ kò wúlò mọ́. “Ẹ ti bá ara yín sọ ọ́ nìyẹn,” ni ó wí. Ó dìde, ó lọ bá Augustin níta kí wọ́n jọ so ẹrù.

Sàdíátù gbé agolo náà wá, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìsìlámíyátù po làálì tó kù. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kí ó rẹ́ ẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó parí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá ti mọ iṣẹ́ kì í lè ṣe é ní jákujàku. Ó ya ewé sí i létí àtẹ́lẹwọ́, ó ya òdòdó sí i láàárín, irú èyí tí ó máa ń yà fún ọmọ ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀mejì lápá òkun. Sàdíátù ta gìrì, ṣùgbọ́n ìlà tí Ìsìlámíyátù ń yà kò yẹ̀.

“Tíì yẹn,” ni Ìsìlámíyátù wí, láìgbé ojú sókè, “báwo lo ṣe ń ṣe é tí kò fi ń korò? Ìwọ ò sáà ní sí níbí.”

Sàdíátù rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

“Màá kọ́ yín nígbà tí mo bá padà dé, ìyáalé mi.”

Ìsìlámíyátù wò ó. Ó fẹ́ bínú, kò rí ìbínú náà dì mú. Ó ká ọwọ́ Sàdíátù kò, ó fi ọ̀rá wé e, ó so ó.

“Tètè dé,” ni ó wí. Ó dùn ún pé òótọ́ ni ó fi sọ ọ́.