Ta Ló Tọrọ Àyè?

Orúkọ tí kò wúwo kì í gbé ìtàn ró. Ohun tí Làtífátù sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tó mú orúkọ baba ńlá àwọn baba rẹ̀, Odùkọ̀yà, tó fi í ṣe olórí ìtàn àròsọ tó kọ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn. Ọdún 1982 ni, kò tíì pé ọdún kan tó gba oyè yunifásítì. Wọ́n tẹ ìtàn náà jáde, inú rẹ̀ dùn, ó pín ẹ̀dà márùn-ún fún ẹbí. Ẹ̀dà tí Gàníyù, aládùúgbò wọn, fi owó ara rẹ̀ rà ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ìjọba ti kéde lọ́dún náà pé òun gba gbogbo ilẹ̀ etí òkun tó yí Ajáh ká. Díẹ̀ tí wọ́n máa yọ sílẹ̀ fún àwọn abúlé, onílẹ̀ nìkan ni wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ẹni tó bá jẹ́ pé ńṣe ni baba rẹ̀ tọrọ àyè, ìbáà ti pẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún, kó di ẹrù rẹ̀. Ìdílé Odùkọ̀yà ló ń gbé Ìdí-Àgbọn, ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà. Ìdílé Gàníyù, tí wọ́n jọ pààlà, sọ pé àtìpó àwọn ni wọ́n.

Bàbá Mọ́rúfù, ẹ̀gbọ́n bàbá Làtífátù tó tún jẹ́ olórí ẹbí, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó na ìwé ìròyìn náà sí i.

"Ka ibi tí wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sí."

Ó kà á. "Odùkọ̀yà kúnlẹ̀ lẹ́tí omi, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, kó tó gbin àgbọn àkọ́kọ́."

"Ta ló tọrọ àyè?"

"Bàbá, ìtàn àròsọ ni."

"Mo bi ọ́ ní orúkọ ẹni tó tọrọ àyè, o ń sọ orúkọ tí wọ́n ń pe irọ́ ní yunifásítì fún mi." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí ló dé tí o ò fi orúkọ ara rẹ síbẹ̀? Kó jẹ́ 'Làtífátù kúnlẹ̀ lẹ́tí omi.' Àbí orúnkún tìrẹ ò ṣeé kúnlẹ̀ ni?"

Làtífátù kò rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ̀ ní gbogbo etí òkun yẹn pé àtìpó lè gbin ẹ̀gẹ́, kò gbọdọ̀ gbin àgbọn? Ẹ̀gẹ́ kò ju ọdún kan lọ, àgbọn a máa wà lẹ́yìn ẹni tó gbìn ín. Ẹni tó bá tọrọ àyè kó tó gbìn ín ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ni onílẹ̀. Ó mọ èyí kó tó kọ ọ́. Omijé òǹkàwé ló ń wá.

"Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹni tó ti sin òkú ìran mẹ́rin síbì kan, kí ló tún kù tí yóò ṣe kó tó di onílẹ̀? Òfin yẹn gan-an ni kò dáa."

"Kọ ìyẹn sí ìjọba. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀la, òṣìṣẹ́ wọn ń bọ̀ ní ilé ìwé. Gàníyù ti fi ìwé ìròyìn yìí ṣe ẹ̀rí fún wọn, ó ní kò sí ẹlẹ́rìí tó ju ọmọ inú ilé lọ. Wàá gbọ́wọ́ lé Kùránì, wàá sọ ibi tí o ti rí ọ̀rọ̀ yìí. Tó bá jẹ́ pé ìdílé mìíràn ló ni ìkúnlẹ̀ yẹn, dárúkọ wọn, kí wọ́n gbé ẹrù wọn."

Ìdílé mìíràn ló ni ín lóòótọ́. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Làtífátù ti dé Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà, abúlé kékeré tí wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí. Ó bá Màmá Sìmbíátù, ìyá ìyá rẹ̀, níbi tó ti ń to ẹja sórí ààrò. Ẹnu arúgbó yìí ló ti gbọ́ ìtàn náà nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Màmá, ẹni tí ẹ ní ó tọrọ àyè yẹn..."

"Olúsànyà ni, baba ńlá wa. Mo ní kí o jókòó gbọ́, n kò ní kí o máa gbé e kiri."

"Mi ò dárúkọ Olúsànyà. Orúkọ Odùkọ̀yà ni mo fi bò ó."

"O bọ́ aṣọ lọ́rùn ẹlòmíràn láti fi bò wá. O ṣeun." Arúgbó náà yí ẹja kan padà, ó tún yí òmíràn. "Ṣé o mọ onílẹ̀ tí Olúsànyà tọrọ àyè ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ẹ ò sọ ọ́ fún mi."

"Odùkọ̀yà ni."

Làtífátù fa àpótí kan, ó jókòó lẹ́bàá ààrò.

"Nígbà tí bàbá rẹ wá fẹ́ ìyá rẹ," Màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "àwọn àgbà ìhà méjèèjì jókòó. Wọ́n ní ẹni tó bá fún ni lọ́mọ fẹ́ kì í ṣe àtìpó ẹni mọ́, kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Gbogbo àwọn tó jókòó ti kú. Mọ́rúfù ń wa mọ́tò l'Ékòó nígbà náà, kò gbọ́ sí i. Ó ku èmi."

"Tí mo bá dákẹ́, Gàníyù á gba ilé bàbá mi. Tí mo bá sọ̀rọ̀..."

"Mọ́rúfù á kọ wá sínú ìwé pé àtìpó òun ni wá. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun náà ń wá ibi tí yóò dúró sí."

"Kí ni kí n wá sọ, Màmá?"

"Ṣé èmi ni mo kàwé ni?"

Lọ́jọ́ kejì, kíláàsì kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n lò. Òṣìṣẹ́ ìjọba náà kò ju Làtífátù lọ lọ́jọ́ orí, ó wọ táì, ó sì ń lagùn. Wọ́n gbé Kùránì síwájú Làtífátù, ó gbọ́wọ́ lé e.

"Ṣé Odùkọ̀yà tọrọ àyè?"

"Rárá, sà."

"Ìdílé wo lo ti wá gbọ́ ọ?"

Bàbá Mọ́rúfù na ọrùn. Gàníyù, tó dúró ti fèrèsé, fọhùn. "Ẹ fara balẹ̀ bi í, ọ̀gá. Àwọn ọ̀mọ̀wé kì í pa irọ́ òfìfo. Wọ́n máa ń wò ó níbì kan ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òtítọ́ wà lọ́nà ọ̀fun Làtífátù bí egungun ẹja: bó bá tu ú jáde, yóò gún ìyá àgbà rẹ̀, bó bá gbé e mì, òun ni yóò gún. Ó ti bínú sí àwọn onírọ́ láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó gbé e mì.

"Mi ò gbọ́ ọ níbì kankan. Mo ronú rẹ̀ ni."

"Orí tìrẹ ló tọrọ àyè nìyẹn," òṣìṣẹ́ náà wí. Ó fa ìlà gbọọrọ lórí ìwé rẹ̀. "Ìwé ìròyìn yìí kì í ṣe ẹ̀rí mọ́. Ó ku kan. Àwọn Olúsànyà Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà kò mú ìwé kankan wá. Orí ilẹ̀ ta ni wọ́n wà?"

"Mi ò lè sọ," Bàbá Mọ́rúfù dáhùn. "Èkó ni mo ti lo ayé mi. Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà ni wọ́n ti bí ìyá ọmọ yìí, ẹ bi í."

Ọwọ́ Làtífátù ṣì wà lórí Kùránì. Kò sẹ́ni tó ní kó gbé e kúrò.

"Ilẹ̀ wọn ni."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Ó yẹ kó ti mọ̀ pé irọ́ kan kì í dá rìn.

"Ìyá ìyá mi ni, sà."

Òṣìṣẹ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀. "Màmá gan-an ni yóò tẹ ìka sí i nìyẹn. Mo máa kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kí wọ́n wá Kùránì tiwọn sílẹ̀."

Wọ́n tú ká. Bàbá Mọ́rúfù dì mọ́ ọn léjìká, ó ní ọmọ tó bá da omi nù tó tún pọn òmíràn kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà ló wọ bàtà rẹ̀.

"Jẹ́ ká jọ lọ kí Màmá. Ó ti pẹ́ tí mo ti yà níbẹ̀ kẹ́yìn, kò sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ Ajé yìí lẹ́nu àjèjì."

"Ẹ sinmi, Bàbá. Èmi á jíṣẹ́."

"Mo ti sinmi tó láti àná tí mi ò ti sùn. Máa lọ níwájú."

Làtífátù bọ́ síwájú. Ìrìn náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kò sì tíì mọ bí yóò ṣe fi ojú sọ fún arúgbó náà, níṣojú ọkùnrin yìí, pé àwọn Olúsànyà ti di onílẹ̀.