Ọjọ́ Tí Màmá Gba Fóònù Iléeṣẹ́ Omi

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni Màmá ní òun máa lò. Ojú ló ń dùn ún, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti bá a gba àyè lọ́dọ̀ oníṣègùn ojú ní ìlú tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Báàgì kékeré kan ló gbé wá, pẹ̀lú aṣọ ìyípadà méjì àti rédíò rẹ̀. Ọjọ́ kejì tó dé ni ìjọba kéde pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ̀lú, kí onílé gbélé, kí mọ́tò kankan má ṣe kúrò nílùú kan lọ sí òmíràn. Oníṣègùn ojú ti ilẹ̀kùn pa. Báyìí ni ọjọ́ mẹ́ta di ọ̀sẹ̀ kan, tí ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún ọkọ ọmọ rẹ̀ ìgbà tó máa tán.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ yìí, iléeṣẹ́ omi ẹ̀rọ ló ń bá ṣiṣẹ́. Kì í ṣe òun ló ń tún páìpù ṣe o. Òun ló ń gba fóònù àwọn tí inú ń bí nítorí páìpù. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí kò sí èébú tí oníbàárà lè bú u tí ohùn rẹ̀ á fi lọ sókè. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá rẹ̀ dé orí bàbá bàbá rẹ̀, ohun tó máa sọ náà ni, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni nọ́ńbà ilé yín?"

Nígbà tí kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀, iléeṣẹ́ fún oníkálukú ní kọ̀ǹpútà àti íápíìsì, wọ́n ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ látilé. Inú Jẹ́jẹ́ dùn. Ó gbé tábìlì sí pálọ̀, ó to bírò rẹ̀ sórí ẹ̀, ó tan kọ̀ǹpútà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Ó gbé e lọ sí yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn, kò sí níbẹ̀ náà. Ó gbé e dé kíṣìnì, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé geerege, ìyẹn ìdí fèrèsé yàrá àlejò, láàárín ibùsùn Màmá àti kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ wá wo ọkùnrin tó ń kan ilẹ̀kùn ìyá ìyàwó rẹ̀ láago méje ààbọ̀ àárọ̀, tó ki kọ̀ǹpútà sábíyá, tó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó jẹ̀bi.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé mo lè wọlé wá síbi iṣẹ́?"

"Wọlé, ọkọ mi. Mo ti tẹ́ ibùsùn."

Àwọn méjì náà ló máa ń ṣẹ́ kù sílé. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ àrùn wò lára àwọn èèyàn ni ìyàwó Jẹ́jẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, òwúrọ̀ kùtùkùtù ló ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé. Màmá lè lọ jókòó sí pálọ̀ o, àmọ́ ó ní pálọ̀ ò ní ọ̀rọ̀ sọ. Orí ibùsùn ló máa ń jókòó sí, tí á máa ká aṣọ tó ti ká lánàá, tí á sì máa fetí sí gbogbo ohun tí Jẹ́jẹ́ bá ń sọ. Ọdún márùndínlógójì ló fi gbẹ̀bí nílé ìwòsàn ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ti gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, igbe oníbàárà iléeṣẹ́ omi ò lè dẹ́rù bà á.

Ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni èsì tí Jẹ́jẹ́ ń fún wọn. Ìwé kan wà tí iléeṣẹ́ kọ gbogbo ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ sí. Ọ̀gá rẹ̀ sì tún ṣòfin pé ìpè kan ò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń pe ọ̀gá náà ní Ìṣẹ́jú-Mẹ́rin tó bá ti kẹ̀yìn sí wọn.

"Kí lo ń parọ́ fún obìnrin yẹn fún?" Màmá á bi í, tó bá ti gbé fóònù sílẹ̀.

"Irọ́ kẹ̀, mà?"

"O ní àwọn òṣìṣẹ́ yín ti wà lójú ọ̀nà. Ojú ọ̀nà wo? Ṣebí ìjọba ní kẹ́nikẹ́ni má jáde?"

"Tiwọn yàtọ̀, mà. Wọ́n ní ìwé àṣẹ."

"Kí ló wá dé tí wọn ò tíì débẹ̀ láti ọjọ́ Ajé?"

Jẹ́jẹ́ á wo ìwé rẹ̀. Èsì ìyẹn ò sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan pè, ó ń pariwo débi pé Jẹ́jẹ́ yọ íápíìsì kúrò létí kan. Màmá gbọ́ ọ láti orí ibùsùn. "Bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun," ló wí, kò sì rọra wí i.

Bàbá náà dákẹ́ lójijì. "Ta nìyẹn? Ta ló ń béèrè bóyá mo ti jẹun?"

"Èmi ni, bàbá," Màmá dáhùn. "Ohùn yín ló ń gbọ̀n."

Ni bàbá bá jẹ́wọ́ pé òun ò tíì fẹnu kan nǹkan, omi tí òun fẹ́ fi dáná ni kò sí. Ó sọ̀rọ̀ dórí orúnkún tó ń dùn ún, ó sọ̀rọ̀ dórí àwọn ọmọ tí kì í pè é. Nígbà tó fi máa dágbére, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ti lọ. Kò pẹ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ Ìṣẹ́jú-Mẹ́rin wọlé. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, àmì ìbéèrè mẹ́ta ló tò tẹ̀lé ara wọn.

Jẹ́jẹ́ yíjú sí ibùsùn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà. Tí mo bá wà lórí fóònù, ẹ bá mi dákẹ́ díẹ̀."

Màmá dìde, ó mú rédíò rẹ̀, ó gba kíṣìnì lọ.

Ìyàwó Jẹ́jẹ́ ò tíì bọ́ bàtà tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tó fi bi í pé, "Kí lo ṣe fún màmá mi?"

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan. Ohun tí mo ṣe ń bi ọ́ nìyẹn."

Ọjọ́ méjì gbáko ni Màmá fi dákẹ́. Tí Jẹ́jẹ́ bá kí i, á mi orí. Tó bá di àkókò oúnjẹ, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó yí tábìlì ká, á kọjú sí ọmọ rẹ̀: "Bá mi sọ fún ọkọ rẹ pé kó na iyọ̀ sí mi." Ìyàwó á wo ọkọ, ọkọ á na iyọ̀. Ìyàwó sì ti ń fi ẹ̀rín pamọ́ sínú ife omi.

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ ni. Jẹ́jẹ́ gbé ìpè kan.

"Iléeṣẹ́ omi nìyí, ẹ káàárọ̀. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Omi!" ọkùnrin kan figbe ta. "Omi ti dà! Omi ti dà o!"

Ara tu Jẹ́jẹ́ díẹ̀. Láti àárọ̀, àwọn tí omi ò dé ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń pè. Ó kéré tán, ti eléyìí ń dà.

"Ẹ fara balẹ̀, sà. Ṣé inú ilé ni àbí ìta?"

"Inú ilé! Orí kápẹ́ẹ̀tì!"

"Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tì í, sà, kí ẹ yí i sọ́wọ́ ọ̀tún."

"Kí n yí ta ni?"

"Páìpù, sà. Níbo gan-an ló ti ń dà?"

"Lára ìyàwó mi!"

Jẹ́jẹ́ ṣí ìwé rẹ̀, ó tún pa á dé.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí omi ẹ̀rọ ò ti yọ nílé ọkùnrin náà. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi dúró lórí ìlà, tí iléeṣẹ́ omi ń kọrin sí i létí. Ìyàwó rẹ̀ tó lóyún ti ń sọ láti ìdájí pé ẹ̀yìn ń ro òun. Bí Jẹ́jẹ́ ṣe ń gbé fóònù gan-an ni omi oyún dà.

"Ẹ pe ọkọ̀ aláìsàn, sà!" ni Jẹ́jẹ́ wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. "Ẹ jẹ́ kí n gbé fóònù sílẹ̀ kí ẹ lè—"

"Má gbé e sílẹ̀ o! Ṣé o mọ bó ṣe pẹ́ tó kí ẹ tó gbé e?"

Jẹ́jẹ́ fò dìde. "Màmá! Màmá, ẹ gbà mí! Obìnrin kan ń rọbí lórí fóònù!"

Rédíò kú ní kíṣìnì. Màmá yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ọwọ́.

"Ṣé kí n sọ̀rọ̀?"

"Ẹ sọ̀rọ̀, mà! Ẹ dákun!"

"Mo kàn ní kí n béèrè ni." Ó ti gba íápíìsì, ó ti jókòó sí àga Jẹ́jẹ́. "Ìwọ, bàbá ìkókó, jẹ́ kí ohùn mi jáde síta kí ìyàwó rẹ náà gbọ́. Ọmọ kelòó nìyí?"

"Èkejì, mà. Àkọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Ìbí ìyẹn náà yá, mà, ó yá púpọ̀!"

"Ó dáa. Ìyàwó, ọmọ mi, ọmọ tí mo ti gbà pọ̀ ju irun orí ọkọ ọmọ mi tó dúró tì mí yìí lọ." Irun orí Jẹ́jẹ́ ò pọ̀ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ obìnrin náà ò mọ̀, ó sì fọkàn balẹ̀.

Àdírẹ́sì ilé náà wà lójú kọ̀ǹpútà. Jẹ́jẹ́ fi fóònù tirẹ̀ pe àwọn ọkọ̀ aláìsàn. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, àmọ́ ìpè pọ̀ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n ní sùúrù. Jẹ́jẹ́ ò ní sùúrù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló pè wọ́n, ó sì wá yé e bó ṣe máa ń rí lára àwọn tó ń pe òun.

"Bàbá ìkókó," Màmá ń wí, "lọ fọ ọwọ́ rẹ."

"Omi ò sí, mà! Ohun tí mo ṣe pè yín nìyẹn!"

Màmá yíjú sí Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ wolẹ̀ bí ẹni pé òun ló mu omi náà.

"Sànìtáísà ńkọ́?"

"Ó wà, mà! Ìgò mẹ́fà!"

"Àjàkálẹ̀ àrùn yìí náà wúlò fún nǹkan. Fi pa ọwọ́ rẹ dé ìgúnpá, kó o wá aṣọ tó mọ́."

Ohùn Màmá ò yá, kò sì falẹ̀. Ó ń sọ ìgbà tí obìnrin náà máa mí fún un, ó ń sọ ìgbà tó máa tì. Nígbà tí ọkọ ní òun ń rí orí ọmọ, pé ojú ń ṣú òun, Màmá ní, "Ojú tó bá fẹ́ ṣú kó dúró dìgbà tá a bá ṣe tán. Má fà á. Kàn tẹ́ ọwọ́ síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa bọ́ sí i."

Etí Màmá ni íápíìsì wà. Jẹ́jẹ́ ò gbọ́ nǹkan kan. Ojú Màmá ló ń wò. Ó rí i tí ojú náà le, tó dúró, tó sì tú ká lójijì.

"Obìnrin ni," ni Màmá wí. "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń bínú? Gbé e sórí àyà ìyá rẹ̀, fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Má fọwọ́ kan okùn ìwọ́ o, àwọn tó ń bọ̀ á gé e."

Ìgbà náà ni Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé òun ti jókòó sórí ibùsùn ìyá ìyàwó òun, àti pé òun ń sunkún. Ọkọ̀ aláìsàn dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé fóònù sílẹ̀, ìpè náà ti di ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta.

Láago méjì ọ̀sán, ojú Ìṣẹ́jú-Mẹ́rin yọ lórí kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mo gbọ́ ìpè yẹn," ó wí.

"Ẹ má bínú, sà."

"Mo gbọ́ ọ tán. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa ló bá oníbàárà wa sọ̀rọ̀."

"Èmi nìyẹn," Màmá ti na ọrùn wọ inú àwòrán. "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Ìṣẹ́jú-Mẹ́rin wo aago. "Rárá, mà," ló wá sọ. Ó tún ara ṣe. "Mo gbọ́dọ̀ kọ kúẹ́rì fún un, mà, kó wá wí tẹnu ẹ̀. Òfin ni."

"Kọ ọ́. Ìwé lásán ni, kò ní bù ú jẹ. Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀: ṣé omi ti dé ilé ọmọ tuntun yẹn?"

Ọ̀gá náà tẹ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó wò ó títí. "Ohun tó wà níbí ni pé a ti yanjú ẹ̀."

"Ta ló yanjú ẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó yanjú ẹ̀. Bí ìpè bá ṣe ń parí ni kọ̀ǹpútà ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ojú ti Ìṣẹ́jú-Mẹ́rin tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi wọ ìbòmú, tó tẹ̀lé àwọn tó ń tún páìpù ṣe lọ síbẹ̀. Kó tó di aago mẹ́fà, omi ti yọ lójúlé náà àti lójúlé mọ́kànlá tó tẹ̀ lé e.

Ó kọ kúẹ́rì náà ṣá o. Jẹ́jẹ́ kọ èsì ojú ewé mẹ́ta, ó kà á sí Màmá létí. Màmá ní kó fà á ya. Èyí tí wọ́n wá fi ránṣẹ́ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: obìnrin kan ń bímọ, mi ò mọ̀ nípa ọmọ gbígbà, ìyá ìyàwó mi mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá kọ "Mo ti rí i" sábẹ́ rẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Oṣù méjì ààbọ̀ kọjá kí ìjọba tó ṣí ọ̀nà. Oníṣègùn ojú kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, Màmá sì gba awò ojú tuntun. Ó wọ̀ ọ́ délé, ó wo Jẹ́jẹ́ lókè-nílẹ̀. "Ṣé báyìí lo ṣe rù tó? Èmi rò pé ojú mi ni."

Lọ́jọ́ tó máa lọ, Jẹ́jẹ́ gbé báàgì rẹ̀ dé ibùdókọ̀.

"Ẹ bá wa lo ọ̀sẹ̀ kan sí i, mà," ó wí.

"Ká lè jọ máa gba fóònù? Iléeṣẹ́ yín ò tíì gbà mí síṣẹ́." Màmá wọ ọkọ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì ti ń sọ fún dẹ́rẹ́bà pé ìbòmú tó fà sísàlẹ̀ àgbọ̀n yẹn, kó gbé e bo imú.

Ọkọ̀ yí kọ́nà. Jẹ́jẹ́ ò wọ mọ́tò padà, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sílé nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Ṣé wọ́n ti lọ?"

"Wọ́n ti lọ."

"Kí ló ṣe ohùn rẹ? Àbí ò ń sunkún ni?"

"Ẹkún kẹ̀? Ìbòmú ló há mi nímú."