Ìyàwó Tó Ń Kú fún Ojú Ìwé Mẹ́sàn-án

Ẹ̀rín ni akọ̀wé ilé ìwòsàn eyín kọ́kọ́ gbọ́. Ó yà á lẹ́nu, nítorí pé kò sẹ́ni tó máa ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de Dókítà. Ó mú okùn tó lọ wá dání, ó sì sáré jáde.

Ìwé ìtàn tó kọ ti pín sí méjì. Ìyá àgbà kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti ẹni tó fi odindi ọsàn há ẹnu ló mú apá kan dání. Apá kejì wà lórí itan awakọ̀ kan tí eyín ẹ̀yìn kò jẹ́ kó gbádùn láti àná. Orí tábìlì kékeré ni akọ̀wé kó o lé, kí ó tó lọ wá okùn tí yóò fi dì í. Àwọn aláìsàn sì rò pé ọ̀kan lára àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tó máa ń wà níbẹ̀ ni.

Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi kọ ọ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ilé ìtẹ̀wé yóò gba ìwé mọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi dá a padà. Ìwé ẹnìkan ni."

"Mo mọ̀ pé ẹnìkan ló ni ín," ìyá náà dáhùn láìgbójú sókè. "Jẹ́ kí ọmọbìnrin yìí kú tán ná."

Akọ̀wé yọjú wo ojú ìwé náà. Ibi ikú ìyàwó ni ìyá yìí wà, ibi tó fi oṣù mẹ́rin kọ. Olùkọ́ tó ń kọ́ ọ ní ìtàn kíkọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ti sọ pé bí òǹkàwé kò bá sunkún, òǹkọ̀wé kò tíì ṣiṣẹ́. Akọ̀wé sì ti ṣiṣẹ́. Ó fi òjò sí i, ó fi ààrá sí i, ó mú kí òṣùpá da omi lójú pòròpòrò. Èso iṣẹ́ náà ló wá jókòó síwájú rẹ̀ yìí, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú kí ẹ̀rín má baà dá kún ìrora rẹ̀.

"Níbo ló pa yín lẹ́rìn-ín, mà?"

"Ojú ìwé mẹ́sàn-án ló ti fi ń kú, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. Nígbà tí ọkọ tèmi fẹ́ lọ, omi ló ní kí n bù wá. Ó ní kí n má bu èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti àná. Kí n tó padà dé, ó ti lọ." Ó ṣí ojú ìwé kan sí i. "Èyí ń bá òṣùpá ṣe àdéhùn."

Akọ̀wé kò mọ ohun tí yóò fi ojú rẹ̀ ṣe. Ó rò ó pé kí òun kúkú sọ pé òun kọ́ ni òun kọ ọ́.

Dókítà yọ orí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹni tó kàn."

Kò sẹ́ni tó mira.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, Dókítà," awakọ̀ bẹ̀ ẹ́. "Ìyá ọkọ inú ìwé yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bírò sàmì sára ìgò òróró ni."

Orí kẹta nìyẹn. Olùkọ́ ti fi bírò pupa yí i po: "Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Ẹ yọ ọ́." Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò dá akọ̀wé dúró síbi iṣẹ́ ló kọ ọ́, láìronú, láìpa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́. Ohun tí kò jẹ́ kó yọ ọ́ ni pé nọ́ńbà ojú ìwé ì bá dàrú.

"Kà á sókè," ìyá àgbà wí.

Awakọ̀ kà á. Ìyá ọkọ fi bírò sàmì síbi tí òróró dé, kí ó lè mọ iye tí ìyàwó bá lò. Ìyàwó dáná, ó dín ẹyin, ó tún dín òmíràn, lẹ́yìn náà ó fi itọ́ nu àmì náà kúrò, ó sì fa òmíràn sí ìsàlẹ̀, níbi tí òróró kù sí.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ìyá.

"Itọ́?"

"Itọ́ ni wọ́n kọ síbí, mà."

Ìyá gbé ìwé sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń sàmì sí ìgò òróró nílé ọmọ mi. Mo ní ojú mi ló ń ṣú. Mo tiẹ̀ ti lọ ra awò ojú."

Dókítà gba abala kan lọ́wọ́ awakọ̀. Ó wo ìlà dúdú tó wà létí rẹ̀, irú ìlà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀ nìkan máa ń fà, ó sì wo akọ̀wé.

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà," akọ̀wé wí.

Ìyá àgbà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé o mọ ìyàwó ọmọ mi ni?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ẹ dákun," awakọ̀ dá sí i, "ẹni tó lè fi itọ́ lásán borí irú ìyá ọkọ yìí, kí ló wá pa á? Ibà ni?"

"Ìbànújẹ́ ni," akọ̀wé fèsì lóhùn kékeré.

Awakọ̀ họ orí. Dókítà pàápàá họ orí. Ẹni tó ń yẹnà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́; akọ̀wé bojú wẹ̀yìn lọ́jọ́ náà, ó sì rí i bí ọ̀nà ṣe wọ́ láti orí kẹrin títí dé òpin.

Ìyá àgbà ló gbà láti kọ́kọ́ wọlé. Bó ṣe ń lọ, ó ń béèrè lọ́wọ́ Dókítà bóyá ó mọ irú bírò tí itọ́ kò lè pa rẹ́.

Akọ̀wé kó abala ìwé náà jọ, ó sì jókòó. Ó yọ ojú ìwé mẹ́sàn-án náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dojú wọn délẹ̀. Ó tẹ ilé ìtẹ̀wé láago pé ìwé òun kò tíì parí. Wọ́n ní bí kò bá lè dé lónìí, ó di oṣù mẹ́fà. Ó ní ó dáa, ó dúpẹ́.

Ó ti kọjá aago mẹ́rin dáadáa kí awakọ̀ tó jáde, tí abẹ́rẹ́ ti mú kí ìdajì ẹnu rẹ̀ kú, tí itọ́ ń dà létè rẹ̀. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó dúró, ó padà wá.

"Ìyá ọkọ yẹn," ó fi ẹnu wíwọ́ wí, "ṣé ó padà mọ̀?"

Akọ̀wé la ẹnu láti dá a lóhùn. Ọdún mẹ́ta ló fi mọ ìtàn yìí tìbútòòró, débi pé ó ń sú u.

"N kò tíì mọ̀," ó wí.

Awakọ̀ mi orí, ó lọ. Akọ̀wé ṣì ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó wá rí i pé òun fẹ́ mọ̀ ju ọkùnrin náà lọ. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó sì mú bírò.