Àtàǹpàkò Lẹ́nu Páìpù

“Màmá ń bọ̀ lọ́la. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mú ẹ lọ sílé àwọn títí n ó fi dé.”

Àná ni ọkọ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n àná náà ni fóònù kú. Ọ̀la àná ti di òní. Ọwọ́ òsì ni ìyàwó fi ń tẹ fóònù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn padà, nítorí àtàǹpàkò ọ̀tún ló fi dí ẹnu páìpù nínú táǹkì tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ tún táǹkì tó ń pariwo ṣe, ó sì rò pé òun ti ti ẹ̀rọ omi kékeré tó wà lára ògiri pa dáadáa. Kò pa. Bó ṣe tú irin tó ń gba omi sínú táǹkì ni omi tú jáde.

Láti ìgbà tí ọkọ ti lọ ṣiṣẹ́ lókèèrè ni Màmá, ìyá ọkọ, ti ń wá ẹ̀rí pé obìnrin kan ò lè dá ilé gbé. Wọ́n ti rí gílóòbù tó jó. Wọ́n ti gbọ́ ìlẹ̀kùn tó ń han. Bí wọ́n bá tún bá omi nílẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bẹ́ẹ̀ ìyàwó fẹ́ràn ilé kékeré yìí, àti ìwé àyálò tó ń kà lójú fèrèsé láìsí ẹni tó ń pè é. Nílé Màmá, kò sí ìlẹ̀kùn téèyàn lè tì.

“Ìyàwó mi! Ṣé kò sẹ́ni nílé ni?”

Kó tó dáhùn, Màmá ti dé ẹnu ilé ìwẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ò dúró gbàṣẹ.

“Ẹ káàbọ̀, mà.”

Ó kúnlẹ̀, àtàǹpàkò bá a kúnlẹ̀. Omi fò ṣàá, ó lu àjà, ó bọ́ sórí gèlè Màmá.

“Yéè! Dìde! Ta ló ń kúnlẹ̀ kí èèyàn nínú odò?”

“Ẹ má bínú, mà, táǹkì ló bàjẹ́...”

“Mo rí i. Ojú mi ò fọ́, ara mi ló kàn tutù.”

Ìyàwó sáré lọ ti ẹ̀rọ omi ńlá tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná pa. Nígbà tó padà, Màmá ti dojú garawa kan dé, wọ́n jókòó lé e.

“Ṣé o wá rí i? Ọkọ rẹ á pe púlọ́ńbà tó bá dé.”

Rọ́bà inú irin náà ti jẹ lápá kan. Ìyàwó yí apá tó ṣì dán síta, ó sì dè é padà.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi di bọ́ọ̀lù tó ń léfòó nínú táǹkì yìí mú.”

Màmá dì í mú.

“Mo máa ń yí rédíò sókè gan-an nílé,” ni wọ́n wí, “kó lè dà bíi pé ẹnì kan ń bá mi jà.”

Ìyàwó gbójú sókè. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀. Ó ti ń bẹ̀rù obìnrin yìí láti ọjọ́ yìí wá, kò sì ronú rí pé ẹ̀rù dídá gbé lè máa ba Màmá náà.

Ó lọ ṣí omi. Omi wọlé, bọ́ọ̀lù gòkè, ariwo sì dá.

“Ó ti dákẹ́,” ni Màmá wí. “Ó yá, lọ di ẹrù rẹ.”

“Mi ò ní bá yín lọ, mà. Ibí ni mò ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ lónìí.”