Ìbọn Bàbá Mi Kò Gba Ọta Irin

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń dúró nídìí káńtà ní ilé ìtajà ohun èlò ọdẹ kan ní Sharjah, mo sì mọ kátíríìjì ju bí ọ̀pọ̀ obìnrin ṣe mọ ata lọ. Àwọn oníbàárà wa kì í yìnbọn sí ẹyẹ níbí, òfin ò gbà á. Àwọn tó ń wọ bàálù lọ ṣọdẹ nílẹ̀ òkèèrè ni. Bí wọ́n bá wọlé, wọn a wo ìbòrí mi, wọn a ní àwọn ń wá ọ̀gá. Ọ̀gá á jáde, á gbọ́ ìbéèrè wọn, á sì tún pe èmi náà pé kí n wá dáhùn. Ó ti pẹ́ tírú ẹ̀ ti ń bí mi nínú. Mo fẹ́ sọ pé kò bí mi nínú mọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni, ó ṣì ń bí mi nínú.

Bàbá mi, Tòhíbù ọdẹ, ń gbé Ẹ̀pẹ́, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Pẹ́pẹ́yẹ igbó ló ń pa létí ọ̀sà láti kékeré. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tó ń lò, ọwọ́ bàbá tirẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Òyìnbó kan tó ń kẹ́rù padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún bàbá àgbà kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ìbọn náà lẹ́wà, mi ò ní tàn yín. Ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì fẹ́lẹ́, ẹnu wọn sì há, nítorí pé ọta òjé ni wọ́n ṣe é fún. Òjé rọ̀. Bó bá dé ibi tó há, á súnra kì, á kọjá. Irin kì í súnra kì fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan gba etí ọ̀sà níbẹ̀, wọ́n ń kó àlejò wá ṣọdẹ. Wọ́n ní ẹnì kankan ò gbọdọ̀ fi ọta òjé yìnbọn mọ́, torí pé àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń ṣa èyí tó bá bọ́ sínú irà jẹ, ó sì ń pa wọ́n. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọta irin nìkan ni wọ́n wá ń tà lẹ́nu géètì, nínú kátíríìjì gígùn, èyí tó lágbára jù. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó gbé ìbọn rẹ̀ lọ sílé. Bàbá wá fẹ́ mọ̀ bóyá ìbọn òun á gbà á. Kò bi mí o. Abdulsalam àbúrò mi ló bi, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní báńkì ní Dubai, tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí láyé ẹ̀.

Nílé wa, obìnrin kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìbọn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ìbọn yẹn lẹ́ẹ̀kan, Bàbá sì fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko fọ̀ ọ́, kò lọ ṣọdẹ. Kò nà mí. Ó kàn ní etí ìbọn kì í gbọ́ ohùn obìnrin. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rọ̀ ìbọn bá ti délẹ̀, mo máa ń dákẹ́.

Lọ́jọ́ Sunday kan, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Rolla níbi tí mo gba bedspace sí, bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá àjùmọ̀gbé, mo lọ sí ilé Abdulsalam ní Al Mamzar. Mo mú kátíríìjì òfìfo méjì dání, ọ̀kan kúrú, ọ̀kan gùn. Mo tò wọ́n sórí tábìlì rẹ̀, mo sì ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Ibi tí kátíríìjì ń jókòó sí nínú ìbọn Bàbá kúrú. Bí wọ́n bá ki èyí tó gùn bọ̀ ọ́, ẹnu kátíríìjì náà ò ní ráyè ṣí dáadáa, gbogbo agbára rẹ̀ á há sínú ọ̀pá fẹ́lẹ́ yẹn, níbi tí ọwọ́ òsì Bàbá ti ń di ìbọn mú gan-an. Mo ní ọta bísímọ́tì wà, tó rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bí òjé, wọ́n sì ń ṣe é sínú kátíríìjì kúkúrú. Ṣùgbọ́n èyí náà, àfi kí ẹni tó ń tún ìbọn ṣe kọ́kọ́ yẹ ọ̀pá yẹn wò. Títí di ìgbà yẹn, kí Bàbá gbé ìbọn kọ́.

"Gbólóhùn kan ni kó o sọ," mo ní. "Wọn ò gbọdọ̀ yìn ín."

Ó tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe Bàbá, ó fi fóònù sórí tábìlì kí èmi náà lè máa gbọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó ní àwọn tó mọ̀ nípa ìbọn sọ pé ti Bàbá ti gbó. Nígbà tí Bàbá máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó béèrè bóyá ìbọn bàbá òun ni wọ́n ń pè ní pàǹtí. Ó ní láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, ọ̀sà yẹn nìkan ló ń jí òun láàárọ̀. Bí òun ò bá lọ síbẹ̀ mọ́, kí ni òun fẹ́ jí ṣe? Mo rí i tí ojú àbúrò mi yí padà. Ọmọ dáadáa ni, ohun tó bà á jẹ́ nìyẹn.

"Rárá o, Bàbá," ó ní. "Ìbọn yín ṣì strong. Irin yẹn náà ò fi bẹ́ẹ̀ burú. Ẹ ṣáà máa rọra lò ó, small small."

Mo fò dìde. Mo ń jùwọ́ sí i, ó fi ìka lé ètè. Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀fun mi. Mo wá rò ó pé bí Bàbá bá gbọ́ ohùn mi nínú ọ̀rọ̀ ìbọn, inú á bí i, á da gbogbo ìmọ̀ràn náà nù. Nítorí náà mo wúkọ́. Mo wúkọ́ gidi, kí Abdulsalam lè wò mí. Bàbá béèrè ẹni tó ń wúkọ́, Abdulsalam ní èmi ni. Bàbá dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí nǹkan. Ó ní ó dáa, ó ṣàdúrà fún wa, ó pa fóònù.

Mo pariwo lé Abdulsalam lórí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣebí à ń fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Ẹ jẹ́ kí ara wọn balẹ̀ first. Màá pè wọ́n tomorrow, khalas, ó tán." Mo ní iṣẹ́ tí mo rán an kì í ṣe tẹrú, tìbọn ni. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò lè gbàgbé pé mo rẹ́rìn-ín.

Ní Monday, wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́ tuntun ní báńkì, Abdulsalam ò ráyè pè. Ní Tuesday, ó ní tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò pe Bàbá fúnra mi. Mo ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo yọ fóònù jáde nínú bọ́ọ̀sì, mo wo orúkọ rẹ̀, mo tún tì í bọ àpò. Mo ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, kí ọkùnrin jẹ́ ẹ.

Ní Wednesday, mo ń to páálí kátíríìjì sórí pẹpẹ nígbà tí Abdulsalam pè, kò sì lè sọ̀rọ̀ délẹ̀. Kátíríìjì irin àkọ́kọ́ tí Bàbá kì bọ ìbọn yìn dáadáa, ìkejì náà yìn dáadáa. Ìkẹta ló fa ọ̀pá ìbọn ya. Wọ́n ti gé ọwọ́ òsì Bàbá lọ́rùn ọwọ́, dókítà sì ní kí a má retí ojú òsì rẹ̀.

Abdulsalam wọ bàálù lọ sílé. Èmi ò rí ìsinmi gbà. Lọ́jọ́ Saturday, ó pè mí láti ọsibítù, ó ní Bàbá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mo wọ yàrá ẹrù lọ, mo jókòó sáàárín àwọn páálí. Mo ti pinnu pé màá sọ gbogbo rẹ̀, pé mo kìlọ̀, pé Abdulsalam ni kò jẹ́ ẹ bí mo ṣe rán an.

Ohùn Bàbá tín-ínrín. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá mo ti jẹun.

"Ganiat," ó ní, "Abdulsalam ò mọ ìbọn. Ṣé mi ò mọ ọmọ mi ni? Mo mọ̀ pé ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Mo gbọ́ ikọ́ ẹ lọ́jọ́ yẹn, mo sì dúró dè ẹ́. Nígbà tí o ò sọ nǹkan kan, ọkàn mi balẹ̀. Mo ní bó bá léwu ni, Ganiat ò ní dákẹ́."

Ó dúró kí n fèsì. Kò sí ìbọn láàárín wa mọ́, síbẹ̀ mo dákẹ́.