Káàdì Tí Kò Sí Nínú Páálí

Inú àpò ṣẹ́ẹ̀tì Akínlẹ́yẹ ni Leah ìyàwó rẹ̀ ti rí káàdì náà nígbà tó fẹ́ fọṣọ. Káàdì ìjókòó tí wọ́n ń gbé síwájú tọkọtaya lórí tábìlì ni, irú èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Bàrígà ń tẹ̀ fún Ọjọ́ Tọkọtaya. "Akínlẹ́yẹ àti Tabitha" ló wà lára rẹ̀.

Tabitha sì rèé, ìyàwó Ògúntádé ni. Akínlẹ́yẹ máa ń bá a gbé agbọ̀n ẹja kúrò létí omi, bẹ́ẹ̀ kì í gbé ti Leah.

Leah kò bi ọkọ rẹ̀ ní nǹkan kan. Ó ki káàdì bọ pọ́ọ̀sì, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìtẹ̀wé tó ń bá ṣọ́ọ̀ṣì tẹ káàdì ní Bajulaiye.

"Ta ló ní kí ẹ tẹ èyí?"

Oyinkọ́lá, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, wo káàdì náà, ojú tì í. "Ẹ má bínú, mà. Àṣìṣe mi ni. Orúkọ àwọn ọkọ wà lápá kan, ti àwọn ìyàwó wà lápá kejì. N ò sọ fún kọ̀ǹpútà ta ni ọkọ ta, ló bá so gbogbo ọkọ pọ̀ mọ́ gbogbo ìyàwó, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀."

"Gbogbo ìyàwó?"

"Gbogbo wọn, mà. Pásítọ̀ gan-an, gbogbo obìnrin ìjọ ló fẹ́. A ti tún òmíràn tẹ̀. Àwọn tó bàjẹ́ ló wà nínú páálí yẹn."

Leah mí kanlẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á. Ó fa páálí náà mọ́ra, ó ń tú u. Ó rí ara rẹ̀ pẹ̀lú Ògúntádé, ó rí ara rẹ̀ pẹ̀lú Wonder tó lè bí lọ́mọ. Ó rí Akínlẹ́yẹ àti Sabina, Akínlẹ́yẹ àti Peculiar. Ọwọ́ rẹ̀ wá ń falẹ̀.

"Oyin, ta ló mú nínú káàdì yìí?"

"Kò sẹ́ni tó mú un, mà, àfi Dádì, ọkọ yín. Àwọn ló wá bá ṣọ́ọ̀ṣì yẹ iṣẹ́ wò. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ẹyọ kan han Pásítọ̀, kí wọ́n lè rí bó ṣe bàjẹ́."

"Ṣé wọ́n kàn fa ẹyọ kan yọ ni?"

Oyinkọ́lá wolẹ̀. "Wọ́n ṣà á ni, mà. Wọ́n pẹ́ díẹ̀ nídìí ẹ̀."

Leah ń tú páálí lọ títí ó fi kan ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni "Akínlẹ́yẹ àti Leah" wà, ó mọ́ kedere, kò sí àbùkù kan lára rẹ̀. Ó mú un, ó fi sínú pọ́ọ̀sì pẹ̀lú ti àkọ́kọ́.

"Ṣé ẹ fẹ́ máa mú un lọ ni, mà?"

"Mo fẹ́ tẹ́ méjèèjì síwájú ẹ̀ tó bá ń jẹun," ni Leah wí. "Kó tún ṣà."